Ọmọ Agbẹ̀bí Nílé Aṣòfin

Ọ̀sẹ̀ tí rédíò gbé e sáfẹ́fẹ́ pé Ọnarébù Shakirat Ọládèjì ti gbé àbá òfin lórí àwọn ilé agbẹ̀bí wá síwájú Ilé Aṣòfin, ìyá rẹ̀ ò jẹ́ ìkíni rẹ̀ mọ́. Ó dé lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, bó ti máa ń ṣe. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀ ilé wọn ní Ìdí-Òrò, ó ní, "Ẹ káàsán, Màámi." Àlájà Àmínát ń ká àwọn aṣọ funfun tí wọ́n fi ń gba ọmọ. Wọ́n ká èyí tó wà lọ́wọ́ wọn tán, wọ́n mú òmíràn. Shakirat tún kí wọn. Wọ́n dìde, wọ́n kó aṣọ náà mọ́ra, wọ́n bá yàrá ìgbẹ̀bí lọ. Ìyá Quadri, obìnrin tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí Shakirat ṣì wà nílé ìwé, nìkan ló kù pẹ̀lú rẹ̀ nínú pálọ̀.

"Ẹ má bínú, Ọnarébù," ó ní. "Ó ń dùn wọ́n ni."

"Ìyá Quadri, ẹ̀yin tẹ́ ẹ pọ̀n mí, ẹ̀yin náà lẹ wá ń pè mí ní Ọnarébù?"

"Kí la ó tún máa pè yín, nígbà tẹ́ ẹ fẹ́ kó wa sẹ́wọ̀n?"

Shakirat dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀, ó sì jáde láìjẹun.

Inú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni Àlájà ti kọ́ iṣẹ́ ìgbẹ̀bí lọ́wọ́ ìyá wọn, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà wá sí Mushin nígbà tí wọ́n tẹ̀lé ọkọ wọn, káfíńtà, wá sí Èkó. Láti Ojúwoyè títí dé Ìtirẹ́, kò sí òpópónà kan tí èèyàn ò ti ní rí ẹni tí ọwọ́ Àlájà gbà wáyé. Nígbà tí Shakirat jáde du ipò kánsẹ́lọ̀, àtè ẹ̀yìn pósítà rẹ̀ ò tíì gbẹ lára ògiri tí àwọn èèyàn ti ń wí fún ara wọn pé, "Ọmọ Ìyá Agbẹ̀bí mà ni." Wọ́n dìbò fún un. Nígbà tó tún du Ilé Aṣòfin, orúkọ kan náà ló gbé e wọlé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í tan ara rẹ̀ jẹ.

Ṣùgbọ́n kó tó di olóṣèlú, nọ́ọ̀sì ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní yàrá ìrọbí ilé ìwòsàn ìjọba kan, kò sì jẹ́ sọ ohun tó ń rí níbẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Obìnrin á ti máa rọbí láti àná nílé agbẹ̀bí kan, wọn ò ní gbé e jáde àfi ìgbà tí ojú rẹ̀ bá ti funfun. Àwọn mìíràn yè. Àwọn mìíràn, aṣọ ni wọ́n fi bò wọ́n.

Kíkẹ́ ni kò lè gbàgbé. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jọ jókòó sí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dàgbà, Kíkẹ́ ń ta léèsì ní Tejúoṣó, kò sì sí ọdún Iléyá tí kì í bá Shakirat yan aṣọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan já wọ ọgbà ilé ìwòsàn, ó ń fun fèrè kíkankíkan. Shakirat sáré jáde láti bá wọn gbé aláìsàn, àṣé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ti rin ìró rẹ̀ gbingbin. Agbẹ̀bí tó gbé e wá láti apá Ṣómólú ti bẹ́ sílẹ̀ ní géètì, ó ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Kò sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ti fún un mu. Kíkẹ́ dá a mọ̀. Ó ní, "Shakirat, ìwọ náà rèé." Wọ́n ṣì ń wá iṣan tí wọ́n máa gún lábẹ́rẹ́ lọ́wọ́ tó fi dákẹ́.

Òun ló fà á tó fi jẹ́ pé, nígbà tí wọ́n fi Shakirat ṣe alága ìgbìmọ̀ ìlera nílé Aṣòfin, kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Ó ti bá àwọn aláṣẹ fa ọ̀rọ̀ lórí iná mànàmáná fún àwọn ibùdó ìlera kéékèèké ní Mushin àti Surulere, ó ti bá wọn jà lórí oògùn tí kì í dé. Àbá òfin ilé agbẹ̀bí yìí ló wá kà sí iṣẹ́ gan-an. Ó ní ilé agbẹ̀bí tí kò bá ní nọ́ọ̀sì tó gbàwé àṣẹ, kó tì. Èyí tí kò bá ní ọkọ̀ tí wọ́n lè fi gbé aboyún, tí kò sì ní ilé ìwòsàn tó bá a ṣe àdéhùn, kó tì. Agbẹ̀bí tí kò bá yege ìdánwò ìjọba, kó má gbẹ̀bí mọ́. Agbẹ̀bí tó bá sì dá obìnrin tó ń ṣẹ̀jẹ̀ dúró títí tí nǹkan fi ṣe é, ẹ̀wọ̀n. Àwọn amòfin Ilé ló bá a to ọ̀rọ̀ yòókù, ṣùgbọ́n ti ẹ̀wọ̀n yìí, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Nígbà tó ń kọ ọ́, ojú Kíkẹ́ ló ń rí.

Kò pẹ́ tí Alhaji Yẹ̀kínnì, aṣáájú ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ní Mushin, fi ránṣẹ́ pè é. Ilé wọn ní Surulere ló ti bá wọn. Wọ́n wà lórí àga, wọ́n ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀súbáà.

"Shakirat, jókòó. Ìdìbò abẹ́lé ti sún mọ́lé, àbí kò tíì sún mọ́lé?"

"Ó ti sún mọ́lé, Bàbá."

"Àwọn agbẹ̀bí ní ẹgbẹ́. Alága ẹgbẹ́ náà wá síbí láàárọ̀, orí àga tó o jókòó sí yẹn náà ló jókòó sí. Ó ní bí wọ́n ṣe ń gbẹ̀bí fún obìnrin kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa sọ fún un ẹni tí kò gbọdọ̀ dìbò fún. Ìwọ náà sọ fún mi, ìwé ìpolongo wo la fẹ́ tẹ̀ tó máa borí ìyẹn?"

"Bàbá, àwọn obìnrin ń kú."

"Wọ́n ń kú nílé ìwòsàn náà."

Òótọ́ ni, Shakirat sì mọ̀ ọ́n.

"Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀," ni Alhaji Yẹ̀kínnì wí. "Ìyá rẹ ni èkù rẹ. Mi ò ní kó o ya ìwé náà. Jẹ́ kó sùn nínú ìgbìmọ̀ yín títí ìdìbò á fi kọjá. Ọ̀pọ̀ àbá ló ń sùn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń jí wọn."

"Tí mi ò bá jẹ́ kó sùn ńkọ́, Bàbá?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọmọ mi, mi ò dẹ́rù bà ọ́. Ọ̀nà ni mo fi hàn ọ́."

Nígbà tó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, Ọládèjì, tó ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Yaba, ọkùnrin náà gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀. "Kí lo wá fẹ́ ṣe?" Shakirat ní òun ò mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, ó fọwọ́ sí i kí wọ́n kéde ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ rẹ̀ máa gbọ́ èrò ará ìlú.

Ìkéde yẹn ló tú àwọn agbẹ̀bí síta. Wọ́n wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Agége Mọ́tò Ródù, aṣọ funfun lọ́rùn gbogbo wọn, wọ́n kún ọ̀nà bámúbámú. Wọ́n ń kọrin pé ẹni tí àwọn gbé sókè kó tó mọ̀ pé ayé wà ló fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn. Shakirat jáde sí báàkónì láti bá wọn sọ̀rọ̀, ariwo bo ohùn rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí ìyá rẹ̀ láàárín èrò. Wọn ò kọrin, wọn ò jó, wọ́n kàn dúró, wọ́n ń wò ó. Alága ẹgbẹ́ gbé gbohùngbohùn sẹ́nu, ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbọ́rọ̀, àwọn ò ní gba lọ́yà, Àlájà Àmínát ti Ìdí-Òrò ló máa gbẹnu sọ fún àwọn. Àwọn oníròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò. Ìyá fẹ́ dìde lòdì sí ọmọ, ta ni kò ní fẹ́ wá wò ó?

Ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìgbọ́rọ̀ yẹn, Shakirat wà ní ọ́fíìsì, ó ń ka àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì fi ránṣẹ́, ni fóònù rẹ̀ bá dún. Ìyá Quadri ni. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Ẹ má sọ pé èmi ni mo pè yín o."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀ ni. Kò fẹ́ dá."

Shakirat ò mọ bó ṣe dé ìsàlẹ̀. Ó pariwo pe Taoheed, awakọ̀ rẹ̀, wọ́n sì gba ojú ọ̀nà kéékèèké tó gba ẹ̀yìn ọjà kọjá. Nígbà tí wọ́n dé Ìdí-Òrò, ẹkún ọmọ tuntun ló kọ́kọ́ gbọ́. Ìyá Quadri ló gbé ọmọ náà dání. Ọkùnrin kan dúró sí kọ́ríídọ̀, gíríìsì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Sylvester lorúkọ rẹ̀, ó ń tún ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ní Ìjọrà, ibẹ̀ ni wọ́n ti pè é pé ìyàwó rẹ̀ ti bímọ. Ayọ̀ ló rò pé òun máa bá, ohun tí kò yé e ló bá.

Ìyàwó rẹ̀, Àánúolúwapọ̀, nà gbalaja lórí ibùsùn, ètè rẹ̀ ti funfun. Àlájà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ikùn rẹ̀. Ibi ọmọ ò tíì jáde tán. Gbogbo aṣọ funfun tó wà níbẹ̀ ti yí àwọ̀ padà.

"Màámi, láti ìgbà wo ló ti rí báyìí?"

"Jáde," ni Àlájà wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá a sọ nìyẹn láti ọjọ́ tí rédíò ti sọ̀rọ̀.

"Màámi..."

"Mo ní kó o jáde. Ó máa dá. Mo ti rí èyí tó ju báyìí lọ, ó sì dá."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò tíì gbé e lọ sílé ìwòsàn?"

Àlájà gbójú sókè. Ẹ̀rù ni Shakirat rí nínú ojú náà, ohun tí kò rí níbẹ̀ rí láyé rẹ̀, kódà lọ́jọ́ tí bàbá rẹ̀ kú.

"Kí n gbé e lọ kí wọ́n bi mí pé ta ló gbẹ̀bí ẹ̀? Tó bá kú sọ́nà ńkọ́? Tó bá kú sí wọn lọ́wọ́ ńkọ́? Lọ́la ni mo fẹ́ dìde níwájú yín. Ìwọ náà lo kọ ọ́ síwèé pé ẹ̀wọ̀n ni!"

Ọ̀rọ̀ náà bá Shakirat bí ìgbà tí wọ́n gbá a létí. Ó rántí agbẹ̀bí tó bẹ́ sílẹ̀ ní géètì, tó fi Kíkẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, ìkà ló ń pe obìnrin náà nínú ọkàn rẹ̀. Kò rò ó rí pé ẹ̀rù ló lé e. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n wà yìí kì í ṣe ibi ìrònú.

"Bàbá ọmọ, ẹ gbá a mú lẹ́sẹ̀. Taoheed, wá gbé e léjìká. Ẹ jẹ́ kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀."

"Àǹtí, àbẹ́ẹ̀gì," ni Sylvester ń wí, "kò ní kú, àbí? Ẹ sọ fún mi pé kò ní kú."

Kò dá a lóhùn. Wọ́n gbé obìnrin náà sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Shakirat bọ́ sórí ìtẹ́lẹ̀ ọkọ̀, ó ti ọwọ́ kan bọ abẹ́ ìró, ó fi èkejì tẹ ikùn láti òkè, ó sì há ilé ọmọ náà sáàárín ọwọ́ méjèèjì bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé ìwé nọ́ọ̀sì. Ó bojú wẹ̀yìn. Àlájà dúró lẹ́nu ọ̀nà, apá wọn rọ̀ sílẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú lójú fèrèsé.

"Màámi, ẹ wọlé wá. Ẹ̀yin lẹ wà pẹ̀lú ẹ̀ láti àárọ̀."

Àlájà wo ọ̀nà, wọ́n wo àwọn tó ń yọjú. Wọ́n fa ìbòrùn wọn bo orí, wọ́n sì wọ ọkọ̀. Orí ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n gbé orí Àánúolúwapọ̀ lé. Títí tí wọ́n fi dé, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ sí i létí, wọ́n ń sọ pé kó má sùn. Apá Shakirat ti kú, òógùn ń bọ́ sí i lójú, kò lè nù ún. Bó bá dẹwọ́ pẹ́rẹ́, á gbọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń dà sórí ráàgì ọkọ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìrọbí, nọ́ọ̀sì kan tó kéré lọ́jọ́ orí ló gbà wọ́n. Kò dá Shakirat mọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tó kún ara rẹ̀.

"Níbo ló bí sí? Ta ló gbẹ̀bí ẹ̀?"

Sylvester wo ilẹ̀. Shakirat la ẹnu láti dáhùn.

"Èmi ni," ni Àlájà wí. "Àmínát, ní Ìdí-Òrò. Ọmọ ti jáde kí wọ́n tó pe ìrun àìlà. Ibi yọ sílẹ̀ díẹ̀, ó sì há. Mo fún un ní àgbo ẹ̀ẹ̀mejì."

"Ẹ̀yin ìyá wọ̀nyí! Ẹ ó dá wọn dúró dìgbà tó bá..."

"Nọ́ọ̀sì," ni Shakirat já lù ú, "ẹ jẹ́ ká wá ẹ̀jẹ̀ fún un ná. Tó bá yá, ẹ bú wa bó ṣe wù yín."

Wọ́n gbé obìnrin náà wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Shakirat àti ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì pákó, Sylvester ń rìn síwá sẹ́yìn níwájú wọn. Àlájà ń ká etí ìbòrùn wọn, wọ́n ń tú u, wọ́n tún ń ká a.

"Ṣé wọ́n máa pe ọlọ́pàá?"

"Mi ò mọ̀, Màámi."

"Tí wọ́n bá pè wọ́n, má bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á ní nítorí ipò rẹ ni wọ́n ṣe fi mí sílẹ̀."

Shakirat fẹ́ di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ ṣì wà lọ́wọ́ tirẹ̀ títí dé ìgúnpá.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí dókítà tó jáde. Ó ní obìnrin náà yè, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá àfi ìgbà tí àwọn yọ ilé ọmọ rẹ̀. Sylvester jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Àlájà béèrè pé ká ní àwọn tètè dé, ṣé wọn kì bá tí yọ ọ́? Dókítà wò wọ́n, agara ti dá òun náà. "Ó ṣeé ṣe, Màmá," ló wí, ó sì padà wọlé.

Bí Shakirat ṣe dé ilé, tó wẹ̀ tán, ó pe akọ̀wé ìgbìmọ̀ rẹ̀ pé wọ́n máa yí gbólóhùn ẹ̀wọ̀n padà. Ó ní agbẹ̀bí tó bá gbé obìnrin wá, tó dúró, tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ọlọ́pàá má ṣe mú un torí pé ó gbé e wá, kí ilé ìwòsàn kankan má sì dá obìnrin náà padà ní géètì. Ẹni tó bá já a sílẹ̀ tó sá lọ nìkan ni ẹ̀wọ̀n wà fún.

"Ọnarébù, lọ́la ni ìpàdé. Wọ́n á ní torí ìyá yín ni."

"Mo mọ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbọ̀ngàn náà kún débi pé àwọn kan jókòó sílẹ̀ láàárín àga. Àwọn agbẹ̀bí wà lápá kan nínú aṣọ funfun, àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì wà lápá kejì, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ sì jókòó sókè pẹ̀lú Shakirat láàárín. Alhaji Yẹ̀kínnì alára wá, wọ́n jókòó lẹ́yìn, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Shakirat ò rò pé ìyá òun á wá. Ó rí wọn lórí ìlà kìíní.

Kò pẹ́ tí agbẹjọ́rò kan tó ń ṣojú àwọn ilé ìwòsàn aládàáni fi dìde. Ó gbé ìwé méjì sókè.

"Ọ̀gá alága, èyí ni àbá tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Èyí ni èyí tẹ́ ẹ pín láàárọ̀ yìí. Ẹ̀wọ̀n àwọn agbẹ̀bí ti fúyẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárín àná sí òní? A sì gbọ́ pé ìyá yín wà lára wọn."

Bí Shakirat bá sọ òótọ́, ó ti fa ìyá rẹ̀ lé àwọn ọlọ́pàá lọ́wọ́. Bó bá purọ́, òfin náà ti kú. Ó fa gbohùngbohùn mọ́ra, kò sì tíì sọ nǹkan kan tí Àlájà fi dìde.

"Ẹ fún mi ní nǹkan yẹn," ni wọ́n wí, wọ́n gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ agbẹjọ́rò náà. "Ẹgbẹ́ wa ní kí n wá sọ pé a ò fẹ́ òfin yìí. Èmi náà ò fẹ́ ẹ. Ẹ ní ká wá ṣe ìdánwò. Èdè wo lẹ fẹ́ fi bi wá? Ta ló máa sanwó nọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ní ká gbà? Ẹ lọ tún un rò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bi ọmọ mi yìí, tèmi ni. Lánàá, obìnrin kan ń ṣẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n gbé e lọ, mi ò gbé e lọ, nítorí ẹ̀wọ̀n tẹ́ ẹ fi ń dẹ́rù bà mí. Obìnrin náà yè, ṣùgbọ́n kò ní lóyún mọ́ láyé. Mo ti sọ orúkọ mi àti ilé mi nílé ìwòsàn, mo tún sọ ọ́ níbí. Ẹ wá mú mi tẹ́ ẹ bá fẹ́. Àmọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí kò wá síbí wà nílé wọn báyìí, obìnrin wà lórí ibùsùn níwájú wọn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n bó ṣe bà mí."

Ariwo sọ. Alága ẹgbẹ́ agbẹ̀bí kígbe pé Àlájà ti dalẹ̀ àwọn, ó dìde, àwọn kan tẹ̀lé e jáde. Àwọn tó pọ̀ jù jókòó. Agbẹjọ́rò náà wá àga rẹ̀, ó jókòó. Shakirat gbá tábìlì pé kí wọ́n dákẹ́.

Ọlọ́pàá wá sí Ìdí-Òrò lọ́jọ́ kejì, torí ìwé ìròyìn ti gbé e. Wọ́n mú Àlájà lọ sí tèṣọ́n, wọ́n bi wọ́n léèrè títí ọjọ́ fi rọ̀. Shakirat pa ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ mọ́, kò pe ẹnikẹ́ni. Inú ọkọ̀ ló wà lódìkejì títì, ó ń wo ẹnu ọ̀nà tèṣọ́n, oúnjẹ tí kò lè jẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Sylvester ló wọlé tọ̀ wọ́n lọ. Ó ní ìyá náà ṣe ìyàwó òun ní ibi, òun ò ní parọ́, ṣùgbọ́n wọn ò sá, wọ́n dúró, wọ́n sọ̀rọ̀, òun ò sì pe ẹjọ́ kankan. Wọ́n ní kí Àlájà máa lọ sílé. Àánúolúwapọ̀ ní tirẹ̀ ò dárí jì wọ́n. Nígbà tí Àlájà lọ kí i lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ó yíjú sógiri, títí di òní olónìí kò sì gba ẹnu ọ̀nà wọn kọjá mọ́.

Ìgbìmọ̀ náà tún àbá yẹn gbé yẹ̀ wò. Wọ́n fi sí i pé Yorùbá ni wọ́n máa fi ṣe ìdánwò fún agbẹ̀bí tó bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní nọ́ọ̀sì kan láti ibùdó ìlera ìjọba lè máa bójú tó ilé agbẹ̀bí mélòó kan pọ̀. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kíkà kẹta, èyí tí Ilé máa dìbò lé, Alhaji Yẹ̀kínnì pe Shakirat lórí fóònù.

"Ó ku òní," ni wọ́n wí. "Bó o bá ní kí wọ́n sún un síwájú, tíkẹ́ẹ̀tì rẹ wà níbẹ̀."

"Bàbá, ẹ ṣeun. Mi ò lè sún un."

"Ó dáa," wọ́n ní, wọ́n sì pa fóònù.

Nínú Ilé, Abẹnugan béèrè pé àwọn tó fara mọ́ ọn ńkọ́? "Bẹ́ẹ̀ ni" dún. Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ńkọ́? "Rárá" náà dún, ó sì dún débi pé Abẹnugan gbé òòlù dúró lókè. Ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Shakirat ò lè wo ẹnikẹ́ni lójú, ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ìgbà yìí, ọmọ Ilé kan láti Ìkòròdú, tó ti bá a jiyàn láti ìbẹ̀rẹ̀, fi gbogbo ohùn rẹ̀ pariwo "bẹ́ẹ̀ ni". Òòlù balẹ̀.

Wọ́n buwọ́ lu òfin náà lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Nígbà yẹn, Shakirat ti pàdánù ìdìbò abẹ́lé. Ẹlòmíràn ló wà nínú pósítà tí wọ́n ń lẹ̀ ní Ojúwoyè. Ó sunkún lọ́jọ́ náà, Ọládèjì sì jókòó tì í. Nígbà tí sáà rẹ̀ parí, ó padà sídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì fi í sí ibùdó ìlera kan ní Mushin, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí fún ìdánwò náà. Ìyá Quadri wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yege, òun ló ń gbẹ̀bí ní Ìdí-Òrò báyìí. Àlájà kọ̀ jálẹ̀, wọn ò ṣe ìdánwò kankan. Wọ́n ní ojú àwọn ò ríran mọ́, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń fi ojú kan náà ka Kùránì. Wọn ò gbẹ̀bí mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìrọbí bá ti pẹ́ jù nínú ilé yẹn, ohùn wọn lèèyàn máa kọ́kọ́ gbọ́ láti pálọ̀ pé kí wọ́n pe ọkọ̀, pé kí ni wọ́n ń dúró dè.

Láìpẹ́ yìí, Shakirat ń kọ́ àwọn obìnrin ní kíláàsì lọ́wọ́, ni fóònù rẹ̀ dún. Agbẹ̀bí kan láti Ìtirẹ́ ni, ó ń mí gúlegúle. Ó ní òun ti gbé aboyún dé ilé ìwòsàn kan, ẹ̀jẹ̀ ń jáde, ẹ̀ṣọ́ géètì ò sì jẹ́ kí àwọn wọlé.

"Ẹ fún un ní fóònù," ni Shakirat wí.

Ẹ̀ṣọ́ náà gbà á. Ó ní òun ò mọ òfin kankan, ọ̀gá òun ni òun mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, orúkọ mi ni Shakirat Ọládèjì. Ẹ lọ pe ọ̀gá yín, ẹ sọ fún un pé òfin ní kí wọ́n ṣí géètì, èmi ni mo sì gbé òfin náà kalẹ̀. Mi ò ní pa fóònù yìí o. Mò ń gbọ́ yín."

Ó gbọ́ ariwo ọkọ̀, ó gbọ́ obìnrin tó ń kérora. Àwọn tó wà ní kíláàsì ti dìde dúró, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ohùn ọkùnrin méjì ń jà lódìkejì, ó pẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà irin ńlá kan han goorogo, agbẹ̀bí náà sì ń pariwo, "Ẹ wọlé! Ẹ gbé e wọlé!"

Fóònù náà já. Shakirat gbé e sórí tábìlì. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n jókòó, kí àwọn máa bá ẹ̀kọ́ lọ.